Bọ́ọ̀lù ọgọ́fà tó ń da àwọn onígi Bangladesh láàmú

Àwọn àgbà ló ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko mọ́ ni lọ́wọ́. Òwe náà bá ọ̀pọ̀ nǹkan mu láyé yìí, ṣùgbọ́n eré ìdárayá kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá fi ẹ̀sọ̀ mú un, òfò ló máa ń bá a dé ilé. Eré ọ̀hún ni kíríkẹ́ẹ̀tì ófà ogún, èyí tó kúrú jù nínú irú kíríkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń bá ara wọn figagbága. Lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ẹ̀sọ̀ sì ti kó bá jù lọ nínú eré náà ni Bangladesh, tó wà ní ẹ̀gbẹ́ Íńdíà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹfà, ọdún 2024, ní pápá Arnos Vale, nílùú Kingstown, lórílẹ̀-èdè St Vincent, nígbà tí ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé ń lọ lọ́wọ́. Bangladesh àti Afghanistan ló pàdé lọ́jọ́ náà. Afghanistan ló kọ́kọ́ gbá, ráànù 115 péré ni wọ́n sì rí kó jọ. Ìṣirò fi hàn pé bí àwọn ọmọ Bangladesh bá lè kó ráànù 116 láàárín ófà 12 àti bọ́ọ̀lù kan, àwọn ni yóò wọ ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, ibi tí wọn kò dé rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbá irú eré yìí. Bọ́ọ̀lù 73 nìyẹn, ráànù 116. Iṣẹ́ náà le, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, ènìyàn mẹ́ta jáde kíákíá, ni gbogbo nǹkan bá yí padà. Najmul Hossain Shanto, tó jẹ́ balógun ikọ̀ náà nígbà yẹn, ṣàlàyé lẹ́yìn eré pé nígbà tí ènìyàn mẹ́ta ti jáde, ohun tí àwọn wá ń lé ni bí àwọn ṣe máa borí lásán, kì í ṣe bí àwọn ṣe máa tètè borí. Òjò ń rọ̀, òjò ń dá, wọ́n sì tún iye tí Bangladesh máa lé ṣírò. Nígbẹ̀yìn, wọn kò tètè borí, wọn kò sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ borí. Ráànù 105 ni gbogbo wọn jáde sí, Afghanistan sì fi ráànù mẹ́jọ borí wọn. Litton Das, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ṣí eré náà, nìkan ló dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó kó ráànù 54 láì jáde. Afghanistan lọ sí ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, Bangladesh di ẹrù wọn, ó di ilé.

Ohun tó ń dun àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè náà ni pé èyí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Kí wá ló ń ṣe àwọn onígi wọn gan-an?

Bí wọ́n ṣe ń gbá a

Fún àǹfààní àwọn tí kò mọ eré yìí, tàbí àwọn tó ti gbàgbé èyí tí wọ́n rí nílé ẹ̀kọ́ nígbà èwe wọn, ènìyàn 11 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń kó wá. Ẹni tó di igi pẹlẹbẹ mú ni onígi, òun ló ń ṣọ́ òpó kékeré mẹ́ta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fẹ́ fi bọ́ọ̀lù náà wó òpó yẹn. Bí onígi bá gbá bọ́ọ̀lù, tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ sì sáré pààrọ̀ ibi tí wọ́n dúró sí, ráànù kan nìyẹn. Bí bọ́ọ̀lù bá yí lọ kan ààlà pápá, ráànù mẹ́rin ni. Bí ó bá fò kọjá ààlà láì balẹ̀, mẹ́fà ni. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá wó òpó, tàbí tí ẹnìkan hán bọ́ọ̀lù tí onígi gbá kí ó tó balẹ̀, onígi ti jáde nìyẹn, ẹlòmíràn yóò sì wọlé. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ti jáde, ó parí fún ikọ̀ náà.

Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni wọ́n ń pè ní ófà kan. Irú kíríkẹ́ẹ̀tì tó gùn jù, tí wọ́n ń pè ní Tẹ́ẹ̀sì, ń gba ọjọ́ márùn-ún gbáko. Irú kejì jẹ́ ófà 50 fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, odidi ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń gbá a. Ẹ̀kẹta ni ófà 20, bọ́ọ̀lù ọgọ́fà péré fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sì ju bíi wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ lọ tí ó fi ń parí.

Ibi tí ìyàtọ̀ wà nìyí. Nínú Tẹ́ẹ̀sì, onígi dà bí àgbẹ̀ tó ní ọjọ́ márùn-ún láti fi kọ ebè. Ó lè jókòó, ó lè mu omi, ó lè wo ojú ọ̀run. Kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ má ṣe rẹ̀ ni ohun tó ṣe pàtàkì sí i. Nínú ófà 20, oòrùn ti fẹ́ wọ̀, òṣìṣẹ́ mẹ́wàá sì wà nílẹ̀ fún iṣẹ́ tí kò ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Àgbẹ̀ tó bá ń tọ́jú òṣìṣẹ́ pamọ́ nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, òru ni yóò bá a lóko. Bọ́ọ̀lù ló wọ́n nínú eré yìí, ènìyàn kò wọ́n. Ẹni tó bá gbá ráànù 20 nínú bọ́ọ̀lù 30 kí ó tó jáde ti ṣe ikọ̀ rẹ̀ léṣe ju ẹni tó gbá 12 nínú bọ́ọ̀lù mẹ́fà lọ. Òye yìí ló pẹ́ kí ó tó wọ àwọn onígi Bangladesh lára.

Eré tó fún wọn lórúkọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dun àwọn ọmọ Bangladesh dé egungun gbọ́dọ̀ mọ ipò tí kíríkẹ́ẹ̀tì wà láàárín wọn. Ọdún 1971 ni wọ́n gba òmìnira kúrò lábẹ́ Pakistan, lẹ́yìn ogun tó gbóná. Wọ́n ju 170 mílíọ̀nù ènìyàn lọ lónìí, síbẹ̀ títí di ìdíje Òlíńpíìkì tó wáyé nílùú Paris lọ́dún 2024, wọn kò tíì gba àmì ẹ̀yẹ kan ṣoṣo rí níbẹ̀, ìbáà jẹ́ bàbà lásán. Nínú eré ìdárayá, kíríkẹ́ẹ̀tì ni àgbáyé fi mọ̀ wọ́n.

Lọ́dún 1997, wọ́n na Kenya nílùú Kuala Lumpur láti gba ife ẹ̀yẹ àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké inú kíríkẹ́ẹ̀tì, àwọn ènìyàn sì tú jáde sí ìgboro Dhaka, tí í ṣe olú-ìlú wọn, wọ́n ń jó. Lọ́dún 2000, wọ́n gbà wọ́n wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá Tẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí ófà 20 dé, inú wọn dùn, nítorí wọ́n rò pé eré kúkúrú ni aláìlágbára fi ń rí àgbà mú.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì dára lóòótọ́. Nígbà ife ẹ̀yẹ àgbáyé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lọ́dún 2007, wọ́n na West Indies nílùú Johannesburg. Mohammad Ashraful kó ráànù 61 nínú bọ́ọ̀lù 27 péré lọ́jọ́ náà. Gbogbo ènìyàn ló rò pé ilẹ̀ ti mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ àwọn ikọ̀ kéékèèké tí wọ́n borí ní ìpele àkọ́kọ́ kúrò, ọdún 15 ni wọ́n fi dúró kí wọ́n tó tún rí ẹni nà nínú ìpele gidi ife ẹ̀yẹ náà. Oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni, nílùú Hobart, lórílẹ̀-èdè Australia, Netherlands ni wọ́n sì nà, ráànù mẹ́sàn-án péré ló sì là wọ́n.

Láàárín ọdún 15 yẹn, ojú wọn rí màbo. Lọ́dún 2014, Hong Kong nà wọ́n nílé ara wọn, nílùú Chittagong. Lọ́dún 2016, ráànù 70 ni gbogbo wọn jáde sí níwájú New Zealand nílùú Kolkata. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i: lọ́dún 2021, ráànù 84 ni Gúúsù Áfíríkà fi lé wọn jáde ní Abu Dhabi, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, 73 ni Australia fi lé wọn jáde ní Dubai. Australia kò lò ju ófà mẹ́fà àti bọ́ọ̀lù méjì lọ láti fi ráànù 73 yẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ilẹ̀ Mirpur: oògùn tó di àrùn

Nínú àwọn ohun tó fa wàhálà yìí, èyí tí àwọn onímọ̀ eré náà ń tọ́ka sí jù ni ilẹ̀ pápá Sher-e-Bangla, ní àdúgbò Mirpur nílùú Dhaka. Ibẹ̀ ni ilé kíríkẹ́ẹ̀tì wọn. Ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń rọ̀, bọ́ọ̀lù tó bá balẹ̀ lórí rẹ̀ kì í fò sókè dáadáa, ńṣe ló máa ń falẹ̀ tí á sì yí sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ẹni tó bá ń ju bọ́ọ̀lù yíyí lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọba ni. Ẹni tó di igi mú, ẹrú ni.

Àwọn tó ń ṣètò kíríkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ mọ èyí, wọ́n sì fi ṣe ohun ìjà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, Australia wá sí Mirpur, Bangladesh sì nà wọ́n nínú mẹ́rin nínú ìpàdé márùn-ún. Nínú èyí tó kẹ́yìn, ráànù 62 ni gbogbo Australia jáde sí. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, New Zealand wá, ráànù 60 ni àwọn náà jáde sí nínú ìpàdé àkọ́kọ́, Bangladesh sì fi mẹ́ta sí méjì borí wọn. Ìlù ń dún, ijó ń lọ. Díẹ̀ ni àwọn tó rántí pé ọ̀pọ̀ àwọn àgbà onígi ikọ̀ méjèèjì kò bá wọn wá. Díẹ̀ náà ni àwọn tó wo iye tí Bangladesh fúnra wọn kó: nínú ìpàdé márààrún pẹ̀lú Australia, wọn kò kó ju ráànù 131 lọ rí.

Ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021 kan náà, wọ́n kúrò ní oko bàbá wọn, wọ́n lọ sí ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní Oman àti UAE. Scotland, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, ló kọ́kọ́ fi ráànù mẹ́fà nà wọ́n. Wọ́n rá pálá wọ ìpele kejì, wọ́n sì pàdánù gbogbo ìpàdé márààrún tí wọ́n ní níbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Onígi tó jẹ́ pé ilẹ̀ rírọ̀ ló fi dàgbà ti kọ́ bí a ṣe ń fi igi ti bọ́ọ̀lù, kì í ṣe bí a ṣe ń fi agbára gbá a. Bí ó bá gbé igi sókè láti gbá bọ́ọ̀lù jìnnà ní Mirpur, bọ́ọ̀lù yóò falẹ̀ tàn án jẹ, yóò sì jáde. Lẹ́yìn tí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí i nígbà bíi mélòó kan, ọgbọ́n ara rẹ̀ ni pé kí ó máa rọra ṣe. Nígbà tí ó bá wá dé ilẹ̀ líle, níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń kó ráànù 180 tàbí 200, ọwọ́ rẹ̀ kò ní mọ iṣẹ́ náà mọ́.

Bọ́ọ̀lù tó kọjá lásán

Ohun kejì ni bọ́ọ̀lù tí kò mú ohunkóhun wá. Nínú ófà mẹ́fà àkọ́kọ́, òfin gbà kí ènìyàn méjì péré nínú àwọn tó ń ṣọ́ pápá dúró sí ọ̀nà jíjìn. Àwọn yòókù gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Ìyẹn ni pé àyè ṣí sílẹ̀ gbayawu fún onígi tó bá lè gbá bọ́ọ̀lù kọjá lórí wọn. Àsìkò ìkórè ni àwọn orílẹ̀-èdè bíi Íńdíà, Australia àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka ófà mẹ́fà yìí sí. Bangladesh, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àsìkò ìṣọ́ra ni wọ́n kà á sí. Wọ́n á ní kí àwọn kọ́kọ́ dúró ṣinṣin ná, kí àwọn máa fi agbára gbá a tó bá yá. Nígbà tó bá fi máa yá, àwọn tó ń ṣọ́ pápá ti tú ká dé ààlà, ráànù tí wọ́n nílò nínú ófà kan ti di mẹ́wàá tàbí méjìlá, ìjayà á sì wọlé. Àìfarabalẹ̀ ni àwọn ará ilé á pe ìgbẹ̀yìn náà, bẹ́ẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ló ti bàjẹ́.

Èyí kan àwọn àgbà mẹ́rin tí ikọ̀ náà gbójú lé fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá: Tamim Iqbal, Shakib Al Hasan, Mushfiqur Rahim àti Mahmudullah. Akọni ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹnikẹ́ni kò lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Tamim ni ọmọ Bangladesh àkọ́kọ́ tó kó ọgọ́rùn-ún ráànù nínú ófà 20 láàárín orílẹ̀-èdè, ìyẹn lọ́dún 2016 níwájú Oman. Mushfiqur kó ráànù 72 nínú bọ́ọ̀lù 35 lọ́dún 2018 nílùú Colombo, ọjọ́ tí Bangladesh lé ráànù 215 bá Sri Lanka nílé wọn. Ọjọ́ yẹn fi hàn pé bí ilẹ̀ bá dára tí ọkàn sì balẹ̀, ọwọ́ wọn lè gbé e.

Ṣùgbọ́n ìṣirò gbogbo ọdún wọn kì í parọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láàárín bíi ráànù 115 sí 121 ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń kó nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀lù. Suryakumar Yadav ti Íńdíà ń kó ju 160 lọ. Ìyàtọ̀ yẹn ló máa ń pọ̀ jù nígbà tí ófà ogún bá pé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí àgbà bá pẹ́ jù lórí àga, ọmọ tuntun kì í rí ibi jókòó. Tamim àti Mushfiqur fi irú eré yìí sílẹ̀ lọ́dún 2022, Mahmudullah lọ́dún 2024, àwọn tó sì gba ipò wọn ní láti kọ́ iṣẹ́ níwájú gbogbo ayé.

Ìdíje abẹ́lé kò ràn wọ́n lọ́wọ́ tó

Ọdún 2012 ni Bangladesh dá ìdíje ófà 20 tiwọn sílẹ̀, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Íńdíà ti dá tiwọn sílẹ̀. Èrò wọn ni pé ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ onígi yóò ti kọ́ bí a ṣe ń fi agbára gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà ló sábà máa ń gba àwọn ipò tó ṣe pàtàkì jù, ìyẹn ṣíṣí eré àti pípa á dé. Ọmọ ilẹ̀ wọn a máa dúró láàárín, kí ó máa sáré ráànù kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó bá wọ aṣọ orílẹ̀-èdè rẹ̀, wọ́n á wá ní kí ó ṣe iṣẹ́ tí kò ṣe rí nínú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Owó náà tún dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kan nínú ìdíje náà kọ̀ láti lọ fún ìgbaradì nítorí pé wọn kò san owó wọn fún wọn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ẹ fi èyí wé Afghanistan tó dá wọn dúró ní Kingstown. Ọdún 2017 ni wọ́n tó gba Afghanistan wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá Tẹ́ẹ̀sì, ọdún 17 lẹ́yìn Bangladesh. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbé eré náà kalẹ̀ fún wọn, ibùdó àwọn ogunléndé ní Pakistan ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ogun kò jẹ́ kí wọ́n lè gba àlejò nílé, nítorí náà ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n fi di ọ̀gá. Rashid Khan, Mohammad Nabi àti Rahmanullah Gurbaz ti gbá ìdíje ní orílẹ̀-èdè lóríṣiríṣi, wọ́n sì ti mọ bí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Ní ti Bangladesh, àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù bíi Mustafizur Rahman ni Íńdíà máa ń ránṣẹ́ pè. Àwọn onígi wọn tó rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ rárá.

Ẹ̀rù tó ń gbé inú ọkàn

Ohun tó kù, ojú kò lè rí i. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, nílùú Bengaluru, Bangladesh ń lé ráànù 147 bá Íńdíà. Ó ku bọ́ọ̀lù mẹ́ta, ráànù méjì péré ni wọ́n sì nílò. Mushfiqur ti gbá mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ó ti ń yọ̀. Bí ó bá fi igi kan bọ́ọ̀lù lásán kí ó sáré, eré ti parí. Ó fẹ́ gbá a jìnnà, wọ́n hán an. Mahmudullah wá, òun náà fẹ́ gbá a jìnnà, wọ́n hán an. Bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn, wọ́n sáré, ọwọ́ Mahendra Singh Dhoni sì yá ju ẹsẹ̀ wọn lọ. Ráànù kan ni wọ́n fi pàdánù. Títí di òní, àwọn ọmọ Bangladesh tó rí eré náà ṣì ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òkú.

Ní ife ẹ̀yẹ ọdún 2024, nílùú New York, Gúúsù Áfíríkà fi ráànù mẹ́rin péré nà wọ́n. Lọ́jọ́ náà, adájọ́ kan ti kọ́kọ́ sọ pé Mahmudullah ti jáde kí wọ́n tó yí ìdájọ́ náà padà, ṣùgbọ́n ráànù mẹ́rin tí bọ́ọ̀lù yẹn ì bá mú wá ti sọnù, nítorí òfin ní bí adájọ́ bá ti pe ẹnìkan jáde, bọ́ọ̀lù ti kú nìyẹn. Mẹ́rin tó sọnù, mẹ́rin tí wọ́n fi pàdánù.

Nígbà tí irú nǹkan báyìí bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, onígi kì í gbá bọ́ọ̀lù nìkan mọ́, ìrántí ló ń bá jà. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbá a jìnnà tí wọ́n hán an, ìwé ìròyìn yóò bú òun ní ọ̀la, àwọn tó ń yan ikọ̀ sì lè yọ òun ní ọ̀tunla. Ó tún mọ̀ pé bí òun bá rọra ṣe, ikọ̀ yóò pàdánù. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ṣì jìn

Kò tọ́ kí a sọ pé wọn kò ṣe nǹkan kan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wọ́n fi Litton Das ṣe balógun ikọ̀ ófà 20. Ní oṣù náà gan-an, Parvez Hossain Emon kó ọgọ́rùn-ún ráànù nínú bọ́ọ̀lù 54 ní Sharjah, òun ni ẹnìkejì tó ṣe irú rẹ̀ fún Bangladesh lẹ́yìn Tamim. Síbẹ̀, ikọ̀ UAE tí wọ́n lọ bá níbẹ̀ ló fi méjì sí ọ̀kan borí wọn, gẹ́gẹ́ bí Amẹ́ríkà ti ṣe fún wọn ní Texas lọ́dún tó ṣáájú.

Ní oṣù Keje, nǹkan yí padà. Wọ́n borí Sri Lanka nílé wọn, wọ́n padà sí Mirpur, wọ́n borí Pakistan. Ní oṣù Kẹjọ, àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì wọn pe Julian Wood láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ àwọn onígi bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà. Àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé igi sókè láìbẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ Éṣíà ní Dubai, ìdánwò dé. Bí wọ́n bá na Pakistan, àwọn ni yóò gbá àṣekágbá. Pakistan kó ráànù 135, èyí tí kò tó ráànù méje nínú ófà kan. Lọ́jọ́ tí ó yẹ kí wọ́n máa sáré ráànù kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń hán wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ráànù 124 ni wọ́n parí sí. Wọ́n sá fún ejò, wọ́n lọ tẹ paramọ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n na Afghanistan ní Sharjah nínú ìpàdé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí oṣù náà tó parí, West Indies ti nà wọ́n nínú ìpàdé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílé.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé agbára nìkan kọ́ ni ófà 20 ń béèrè. Ó ń béèrè kí onígi mọ bọ́ọ̀lù tó yẹ kí ó gbá jìnnà àti èyí tó yẹ kí ó fi sáré, kí ó sì mọ̀ ọ́n láàárín ìṣẹ́jú àáyá tí bọ́ọ̀lù fi ń bọ̀. Ilẹ̀ tó dára nílé, ìdíje tó ń fún ọmọ ilẹ̀ ní ipò gidi, àti àwọn tó ń yan ikọ̀ tó lè mú sùúrù fún ọ̀dọ́ tó jáde níbi tó ti ń gbìyànjú, ni ó lè kọ́ ènìyàn ní irú òye bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ní Tafawa Balewa Square l'Ékòó, ikọ̀ Nàìjíríà kó ráànù 271, wọ́n sì lé Ivory Coast jáde sí ráànù méje péré. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò tó ogún ọdún fi ráànù méjì na New Zealand nílùú Kuching ní Malaysia, nínú eré tí òjò dín kù sí ófà 13. Ayọ̀ ńlá ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye tí àwọn ọmọbìnrin náà kó: 65. Àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù ló gbé ẹrù náà dé ilé. Ibi tí Bangladesh ti ń kọsẹ̀ gan-an nìyẹn, ẹni iwájú tó bá sì jìn sí kòtò, ó yẹ kó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Ní ti Bangladesh, àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù kò já wọn kulẹ̀. Ní Arnos Vale kan náà, ọjọ́ mélòó kan kí Afghanistan tó dá wọn dúró, ráànù 106 péré ni wọ́n fi síwájú Nepal, síbẹ̀ wọ́n lé Nepal jáde sí 85. Ikọ̀ tó lè fi 106 borí kò nílò onígi tó lè ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ohun tó nílò ni onígi tó mọ̀ pé òṣìṣẹ́ mẹ́wàá wà nílẹ̀, àti pé oòrùn ti fẹ́ wọ̀.